Ohun Tí Àwọn Aboyún Wa Ń Pè Ní Omi

Bí ọmọ ilé ìwé bá wá bá mi nílé pé òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: ṣé o lè pinnu nǹkan lórí ẹlòmíràn nígbà tí o kò tíì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀? Gbogbo wọn ló ń sọ pé àwọn lè ṣe é. Wọ́n tiẹ̀ máa ń yára sọ ọ́. Èmi náà yára sọ ọ́ nígbà tèmi.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ilé ìgbẹ̀bí kan ṣoṣo ni mo ti lo gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi, ní ìsàlẹ̀ àwọn òkè Dassa, lójú ọ̀nà tó lọ sí Tré. Màtànité ni gbogbo wa ń pè é. Ọdún tó kọjá, nígbà tí iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ mi, ni wọ́n wá bi èmi gan-an ní ìbéèrè yẹn, lórí Klarísì, àbíkẹ́yìn mi, àti oyún inú rẹ̀. Ọmọ mi ló wà nínú ewu, èmi ni gbogbo ilé sì ń wò lójú. Kí n tó débẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà, torí láìsí èyí, ẹ kò ní mọ ohun tó ṣòro níbẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò gùn. Mo ka kọ́lẹ́ẹ̀jì dé òpin, wọ́n ń wá olùrànlọ́wọ́ fún àwọn agbẹ̀bí, mo kọ̀wé, wọ́n mú mi. Owó rẹ̀ kéré, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Ó tó bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Màmá Filomẹ́nì, àgbà agbẹ̀bí wa. Obìnrin kúkurú ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́ lẹ́yìn rẹ, wàá fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé ọ mì. Ó ń yẹ èékánná wa wò láràárọ̀ bí olùkọ́ ilé ìwé kékeré. Ó pẹ́ kó tó jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan aboyún. Abọ́ ni mo ń fọ̀, aṣọ ni mo ń sá, mo ń ká wọn, mo ń tò wọ́n. Nígbà tó wá fún mi ní ìwo onígi tí a fi ń gbọ́ ọkàn ọmọ nínú oyún, mo rò pé mo ti débẹ̀. Mo gbé e lé ikùn obìnrin kan, mo tẹ́tí sí i, mo gbé orí sókè.

Ó ní, “Kí lo gbọ́?”

“Ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa, Màmá.”

“Dáadáa jẹ́ mélòó?”

“Mi ò kà á, Màmá.”

“Ariwo lo gbọ́ nìyẹn. Padà lọ gbọ́ ọkàn.”

Aboyún tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì, n kò sì rí nǹkan kan gbọ́ mọ́ àfi ẹ̀rín.

Ọ̀nà kan wà tó ń gbà kọ́ wa láti pinnu. Bí a bá ti yẹ obìnrin kan wò tán, a ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó sì sọ gbólóhùn mẹ́ta fún un: ohun tí mo rí, ohun tí n kò rí, ohun tí mo ń bẹ̀rù. Wọn kò gbọdọ̀ dàpọ̀. Bí mo bá sọ pé, “Mo rí i pé ọmọ náà lè dábùú,” á ní, “Ṣé o rí i àbí ò ń bẹ̀rù rẹ̀?” Màá tún un sọ. Nígbà mìíràn màá tún un sọ títí omijé á fi dà lójú mi. Kò bìkítà fún omijé. Ó ní inú gbólóhùn kejì, èyí tí a kò rí, ni àwọn obìnrin ti ń kú.

Nǹkan mìíràn tún wà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ó gbé abọ́ tánganran funfun kan sí ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò. Obìnrin tó bá wọlé tó ní nǹkan ń jáde lára òun, Màmá Filomẹ́nì kì í bi í léèrè ohun tó ń jáde. Ohun tó máa ń sọ ni pé:

“Bọ́ aṣọ yẹn, jẹ́ kí n bá ọ ṣàn án.”

“Háà, Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa fọ aṣọ mi.”

“Ta ni yóò fọ̀ ọ́? Ìyá ọkọ rẹ? Mú un wá.”

Yóò ti aṣọ náà bọ inú omi nínú abọ́ funfun yẹn, yóò sì wò ó. Àwọn oní-zémìjàn tó ń fi ọ̀kadà gbé àwọn obìnrin wá sọ ibẹ̀ ní ilé alágbàfọ̀. Wọ́n á ní, “Ṣé ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni kí n já ọ sí?” Òun náà gbọ́ orúkọ yẹn, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ rèé. Lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá kì í pe ẹ̀jẹ̀ lórúkọ níbi tí aboyún bá wà. Wọ́n ní bí a bá pè é, ó lè jẹ́. Omi ni wọ́n ń pè é. Bí omi tó yí ọmọ ká bá ya, omi ni. Bí ó bá jẹ́ ìtọ̀ ló já bọ́, omi ni. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀, omi náà ni. Ọmọ mìíràn lè gbọ́ èyí kó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fún agbẹ̀bí, ohun mẹ́ta tó yàtọ̀ pátápátá ni. Bí omi ọmọ bá ya tí ìrọbí sì ń bọ̀, agbẹ̀bí lè wọ ìbọ̀wọ́ kó fi ìka wo ibi tí ọ̀nà là dé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde láìsí ìrora nígbà tí oyún ti gbó, ó lè jẹ́ pé ibi ọmọ ló wà nísàlẹ̀ tó bo ẹnu ilé ọmọ. Ẹni tó bá fi ìka wo irú rẹ̀ lè ya á, ẹ̀jẹ̀ á sì tú jáde. Ọ̀rọ̀ kan náà ni obìnrin sọ, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí ọwọ́ rẹ ṣe yí padà.

Màmá Filomẹ́nì kò ṣàlàyé èyí fún wa rí. Bó ṣe ń ṣe é ni a ń ṣe é. Èmi tí a bí síbẹ̀ kò nílò àlàyé. Ẹni tó nílò rẹ̀ ni Agínẹ́sì, ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́, tó wá láti apá gúúsù. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ó mọ̀wé, láàárín oṣù díẹ̀ ó ti ń sọ èdè wa débi pé ó ń bá àwọn olóko ná ọjà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ni ti abọ́ funfun, pé àwọn àgbà fẹ́ràn láti máa fọ nǹkan.

Lọ́jọ́ kan tí Màmá Filomẹ́nì lọ sí ìpàdé nínú ìlú, zémìjàn kan gbé obìnrin kan wá láti Tré pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀. Alísì lorúkọ obìnrin náà. Mo wà ní yàrá kejì, mò ń wọn ìwọ̀n àwọn ọmọ ọwọ́, mo sì ń gbọ́ wọn láti ibẹ̀.

Agínẹ́sì bi wọ́n pé, “Kí ló ṣe é?”

Ìyá ọkọ dáhùn pé, “Omi ló ń dà lára rẹ̀.”

“Ṣé inú ń run ún?”

“Rárá o. Ara rẹ̀ le. Ó jẹun kó tó gun ọ̀kadà.”

Agínẹ́sì wo aṣọ rẹ̀. Aṣọ náà funfun báláú. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó kúrò nílé, torí kò fẹ́ kí ìyàwó òun wọ màtànité pẹ̀lú aṣọ tó lábàwọ́n. Ọ̀wọ̀ ló fi ṣe é. Agínẹ́sì gbọ́ omi, kò rí àbàwọ́n, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka wò ó bí ìwé ṣe wí fún omi.

Orúkọ mi ni mo gbọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ ti ń kán sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. A gbé ẹsẹ̀ Alísì sókè, a fi sẹ́rọ́ọ̀mù, omi oògùn tó ń gba iṣan wọ ara, sí i lápá, kò sì sí ohun mìíràn tí irú ilé bíi tiwa lè ṣe. Nígbà yẹn, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ jìnnà sí wa. Ambiláǹsì ti gbé ẹlòmíràn lọ. Ṣé kí a dúró dè é ni, àbí kí a wá ọ̀nà mìíràn? A kò mọ ìgbà tó máa padà. Mo sáré bọ́ sí títì.

Ọjọ́ ọjà Glazoué ni. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ tó kún fún iṣu, mo dúró sí àárín ọ̀nà títí ó fi dúró.

Awakọ̀ ní, “Iṣu ni mo kó, ìyá. Mi kì í gbé òkú.”

Ìyá ọkọ Alísì ti dé lẹ́yìn mi. Ó ní, “Ta ló kú? Ìwọ lo máa kú bí o kò bá ṣílẹ̀kùn yẹn.”

Ó ṣílẹ̀kùn. A tẹ́ Alísì sórí àga iwájú, mo kúnlẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo gbé ike sẹ́rọ́ọ̀mù sókè títí ọwọ́ mi fi kú.  Awakọ̀ náà kàn ń tẹ fèrè fún gbogbo ohun tó wà níwájú wa, ewúrẹ́, kẹ̀kẹ́, àti àwọn tí kò tilẹ̀ sí lójú ọ̀nà.

Alísì yè. Ọmọ náà kò yè.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, mo bi ìyá ọkọ rẹ̀ léèrè ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Ó ní, “Láti àná ni. Mo mọ̀ pé òun ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa pè é lórí oyún ni?”

Nígbà tí Màmá Filomẹ́nì dé, ó pe èmi àti Agínẹ́sì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní kí Agínẹ́sì sọ gbólóhùn mẹ́ta rẹ̀. Agínẹ́sì sọ ohun tó rí, ó sọ ohun tí kò rí. 

“Kí lo ń bẹ̀rù?”

“Mi ò bẹ̀rù nǹkan kan, Màmá.”

“Ibẹ̀ lo ti ṣìṣe,” ni Màmá Filomẹ́nì wí, ó sì wọlé lọ. Láti ọjọ́ náà, a kò fi mọ sí aṣọ ara aboyún. A máa ń bi wọ́n pé, “Aṣọ mélòó lẹ ti pààrọ̀ láti ilé?” Ìyẹn kò ní orúkọ ẹ̀jẹ̀ nínú, kò sì sí ìyá ọkọ tí kò lè dá a lóhùn.

Agínẹ́sì bá wa ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, ó sì gba ìyípadà lọ sí apá ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ni ẹ̀rù wá kù sí lára. Gbogbo ẹni tó bá ní omi, mo máa ń kọ̀wé fún un kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, lọ. Ẹni tí orí ń fọ́, lọ. Mo rò pé ìyẹn ni ìṣọ́ra. Àwọn obìnrin abúlé Gbaffo, tí wọ́n ń pè mí ní Tantí Rozalí, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ara wọn pé, ẹni bá lọ sọ́dọ̀ Tantí Rozalí, kó di ẹní rẹ̀ mọ́ra, torí ilé ìwòsàn ńlá ni yóò sùn. Àwọn kan bá jókòó sílé, wọ́n ń bímọ sílé, lára wọn sì ni àwọn tó yẹ kí n rí gan-an wà. Màmá Filomẹ́nì sọ fún mi pé, “Ẹ̀rù rẹ ti ju ojú rẹ lọ.” Ó pẹ́ kí n tó mú ẹ̀rù náà padà sí ibi tó yẹ kó wà, ìyẹn ipò kẹta, lẹ́yìn ohun tí mo rí àti ohun tí n kò rí.

Irinṣẹ́ yí padà níṣojú mi. Ẹ̀rọ kékeré kan rọ́pò ìwo onígi, ó ń gbé ìró ọkàn ọmọ jáde kí gbogbo yàrá gbọ́. Mo rí ìyá tó sunkún nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo sì rí èyí tó ní kí n pa á torí ó ń dẹ́rù ba òun. Lẹ́yìn náà ni ekógíráfì dé, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú oyún, tó sì lè fi hàn wá ṣáájú bí ibi ọmọ bá wà nísàlẹ̀. Edíìtì, ọ̀dọ́ agbẹ̀bí tó gba ipò Màmá Filomẹ́nì, ló kọ́ mi bí a ṣe ń ka àwòrán náà. N kò tètè mọ̀ ọ́n. Fún ìgbà pípẹ́, òjò tó ń rọ̀ lórí òkè ni mo ń rí nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni fóònù dé, àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò aṣọ wọn ránṣẹ́ sí mi kí wọ́n má bàa sọ̀rọ̀ rárá. Mo kọ́ wọn pé kí wọ́n gbé àwo funfun sí ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà, torí fóònù ń yí àwọ̀ padà, pàápàá lábẹ́ iná tó pọ́n. Kò sí èyí tó mú àìmọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ náà. Ibi tí àìmọ̀ wà ni wọ́n ń sún kiri.

Mo fẹ̀yìn tì. Klarísì lóyún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Gbaffo, nílé ọkọ rẹ̀ Banabé, tó jẹ́ àgbẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú wọn. Mo ń pè é lórí fóònù jù, mo mọ̀.

“Màmá, ẹ ti pè láàárọ̀, ẹ tún pè lọ́sàn-án. Ọmọ náà ò tíì bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.”

Ekógíráfì ti fi hàn pé ibi ọmọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Wọ́n ní ó lè gòkè bí oyún bá ń dàgbà, pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ máa ń gòkè, kó padà wá kí wọ́n tún wò ó. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ọmọ ẹlòmíràn láìsí pé oorun dá lójú mi.

Mo wà ní ọjà Glazoué, mò ń ṣa iṣu, nígbà tó pè.

“Màmá, omi díẹ̀ ń dà lára mi.”

Mo gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ mi ni, inú ilé mi ló dàgbà sí, mo sì mọ̀ pé ó mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ilé ọkọ ló ti ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló máa sọ. Mo bá yí sí èdè Faransé, torí nínú Faransé kò sí ohun tí àwọn ìyá wa kà léèwọ̀. Mo bi í bóyá omi ni àbí ẹ̀jẹ̀. Ó dáhùn ní Faransé láìṣiyèméjì pé ẹ̀jẹ̀ ni.

“Ṣé ó ń dùn ọ́ níbìkan?”

“Rárá, Màmá.”

Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó ní ó ń dun òun. Mo ní kó dùbúlẹ̀, kí Banabé pe Edíìtì fún ambiláǹsì, kí wọ́n sì lọ tààrà sí ilé ìwòsàn ńlá. Mo ní, “Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ fi ìka wò ọ́, kọ́kọ́ sọ fún un pé ibi ọmọ rẹ wà nísàlẹ̀.” Mo fi iṣu sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mo wọ ọkọ̀ tó kọ́kọ́ dúró.

Nígbà tí mo dé, ẹ̀jẹ̀ náà ti dá. Dókítà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ibi ọmọ náà kò gòkè, iṣẹ́ abẹ ni wọn yóò fi gbé ọmọ náà jáde níkẹyìn, ìgbà tí wọn yóò ṣe é ló kù. Bí wọ́n bá ṣe é lónìí, ewu ẹ̀jẹ̀ yóò kúrò lórí ìyá, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì gbó, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má lè dá mí. Bí wọ́n bá dúró, Klarísì yóò wà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára yóò wà nítòsí, ọmọ yóò máa gbó sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè tún dé, ó sì lè pọ̀ ju ti àkọ́kọ́. Ó ní, “Èmi fẹ́ kí a dúró. Ó ṣeé ṣe kó dára. Mi ò lè bá yín búra.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, “Yóò dára. Ọlọ́run wà.”

Banabé kọjú sí mi. “Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa ṣe.”

Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe é lónìí, ní wákàtí yẹn gan-an. Ọmọ mi ni mo fẹ́. Èyí tó wà nínú rẹ̀, n kò tíì mọ̀ ọ́n.

Edíìtì tó bá wọn wá nínú ambiláǹsì fà mí jáde. Ó ní, “Tantí, ẹ sọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn fún mi.”

Mo ní mo rí i pé ẹ̀jẹ̀ dá, ojú Klarísì kò funfun, ọkàn ọmọ ń lù bó ṣe yẹ. Mo ní n kò rí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ mìíràn máa dé, n kò sì rí inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ.

“Ẹ̀kẹta ńkọ́?”

“Mo ń bẹ̀rù pé Klarísì máa kú.”

“Ẹ̀rù yẹn lẹ fẹ́ fi dá Banabé lóhùn,” ni ó wí.

Mo padà wọlé. N kò dá Banabé lóhùn. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Klarísì, mo sì sọ gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un bí mo ṣe sọ wọ́n fún Edíìtì, láì yọ ẹ̀kẹta kúrò. Mo wá ní, “Èyí tó dára jù nínú méjèèjì, mi ò mọ̀ ọ́n.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ pòṣé. “Ìyá Klarísì, ṣé ọ̀rọ̀ tí ìyá ń bá ọmọ rẹ̀ sọ nìyí?”

Klarísì fi ọwọ́ sí ikùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wo dókítà. Ó ní, “Mo máa dúró.”

A dúró. Mo tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fo ẹsẹ̀ mi kọjá láì wolẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tún yọ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀ ni, ó sì dá. Ní òwúrọ̀ tí dókítà yàn, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì gbé ọmọbìnrin kékeré kan jáde, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Ìyá àti ọmọ ń bẹ ní Gbaffo báyìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ má fi òpin yìí dán ìpinnu náà wò. Bí ẹ̀jẹ̀ náà bá padà dé ní agbára, ìpinnu kan náà ni ì bá jẹ́, lórí ohun kan náà tí a mọ̀, n kì bá sì lè kọ ìtàn yìí.

Láìpẹ́ yìí mo bi Klarísì léèrè ìdí tó fi yan pé òun máa dúró. Ó ń fún ọmọ lọ́mú, kò gbójú sókè.

Ó ní, “Ìyá ọkọ mi ní yóò dára. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó dára. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ jù nínú ẹbí wa ní ẹ ò mọ̀. Ni mo bá rí i pé èmi ló kù láti sọ̀rọ̀.”